Láti Orí Omi Ni Àtúnṣe Odò Ti Ń Bẹ̀rẹ̀: Wúrà Ìperindó, Omi Ọ̀ṣun àti Ojúṣe Gbogbo Wa

Lára àwọn oyè ọba tí ó gbajúmọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, méjì wà tí ìtàn wọn so mọ́ omi pẹ́kípẹ́kí. Ní Òṣogbo, Àtáọ́ja ni oyè ọba. Ìtàn fi yé wa pé Ọba Láróòyè, ẹni tí ó tẹ ìlú náà dó, tẹ́wọ́ gba ẹja lọ́wọ́ odò Ọ̀ṣun, àti pé láti inú gbólóhùn “a-tẹ́wọ́-gba-ẹja” ni oyè náà ti jáde. Ní Iléṣà, Ọwá Obòkun ni oyè ọba. Ìtàn tiwọn ni pé Ajíbógun, akíkanjú ọmọ Odùduwà, rin ìrìn àjò dé etí òkun, ó sì bu omi wá láti fi wo ojú bàbá rẹ̀ tí ó fọ́. Ìlú kan gba ẹja lọ́wọ́ omi. Ìlú kejì bu omi wá fún ìwòsàn.

A mẹ́nu ba ìtàn méjèèjì nítorí pé àárín wọn ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí wà. Omi tí ń ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ṣàn wọ odò Ọ̀ṣun kì í ṣe omi tí ẹnikẹ́ni lè fi wo ojú sàn mọ́, ẹja inú odò náà sì ti di ohun tí a ń fura sí kí a tó fi sẹ́nu. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé: báwo ni a ṣe lè dá odò náà padà sí ipò rẹ̀, ibo sì ni kí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀? Èrò tiwa ni pé orí omi ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí a ti ń gbẹ́ ilẹ̀ tí a sì ń fọ wúrà. Àti pé ẹja ni kí a fi ṣe ẹlẹ́rìí pé iṣẹ́ náà yọrí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí odò náà

Ìhà Ìgẹ̀dẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀ wá. Ó ń rin nǹkan bíi kìlómítà 267. Ó la ìpínlẹ̀ wa kọjá, ó gba ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ògùn, kí ó tó wọ inú ọ̀sà ní ìhà Èkó. Bí ó ti ń lọ ni àwọn odò kéékèèké ń wọ inú rẹ̀. Òun ni a sé ní Aṣéjire tí àwọn ará Ìbàdàn fi ń rí omi ẹ̀rọ láti ọdún 1972. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ omi Ọ̀ṣun jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ nìkan, kí ó rántí pé ọ̀pọ̀ ẹni tí kò tíì dé Òṣogbo rí ni ó ń mu nínú rẹ̀.

Ní Òṣogbo, igbó mímọ́ Ọ̀ṣun tó hẹ́kítà 75. Ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965, àjọ UNESCO sì fi í kún àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Ìtọ́jú igbó náà kò ṣẹ̀yìn àwọn olórìṣà, ààfin àti Susanne Wenger tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ẹni tí ó wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1950 tí ó sì papò dà ní oṣù kìíní ọdún 2009. A kì í gé igi níbẹ̀, a kì í dẹ ọdẹ, a kì í pẹja. Bí ó bá jẹ́ pé èèwọ̀ nìkan ni ó ń dáàbò bo odò, Ọ̀ṣun ì bá mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣọ́ igbó lè dá igi dúró lọ́wọ́ aláàáké. Kò lè dá omi tí ń bọ̀ láti òkè dúró.

Láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni omi náà ti ń ṣàn bí omi amọ̀, àní ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó yẹ kí ó mọ́. Ẹgbẹ́ aráàlú kan tí ó fi Òṣogbo ṣe ibùjókòó, Urban Alert, bu omi náà fún àyẹ̀wò, ó sì kéde pé òun rí òjé àti mẹ́kúrì nínú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí ó bójú mu lọ. Ní ọdún 2022, ní àsìkò ọdún Ọ̀ṣun, ìjọba ìpínlẹ̀ yìí kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn àti àlejò pé kí wọ́n má ṣe mu omi odò náà. Kò rọrùn fún ìjọba kankan láti sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n má mu omi tí àwọn baba ńlá wọn fi ń tọrọ ọmọ. Síbẹ̀, ìkìlọ̀ yàtọ̀ sí àtúnṣe. Ẹni tí a kìlọ̀ fún lè yẹra fún omi; odò fúnra rẹ̀ kò ní ibi tí yóò yà sí.

Wúrà àti ẹrẹ̀

Ìperindó ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Atákúnmọ́sà Ìlà-Oòrùn. Wúrà wà nínú àpáta rẹ̀ àti nínú iyanrìn odò káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Láti ayé ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2021 ni wúrà àkọ́kọ́ jáde láti ibi ìwakùsà Sẹ̀gilọlá ní agbègbè náà, èyí tí a kà sí iṣẹ́ ìwakùsà wúrà ńlá àkọ́kọ́ tí ó bá ìgbà mu ní Nàìjíríà. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ ńlá báyìí tí ó ní ìwé àṣẹ, tí ó sì ní ọ́fíìsì tí a lè kàn sí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ awakùsà kéékèèké wà tí wọn kò ní ìwé kankan. Wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ ní bèbè odò, wọ́n ń fa omi, wọ́n ń fọ iyanrìn, wọ́n sì ń dá omi ẹlẹ́rẹ̀ padà sínú odò. Bí wúrà bá tán níbẹ̀, wọn a fi ihò sílẹ̀, wọn a sì kọjá sí ibòmíràn.

A gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ kan níhìn-ín kí a má baà di ẹ̀bi ru ẹni tí kò jẹ̀bi. Kì í ṣe gbogbo omi ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ó ń lọ sí Òṣogbo. Àwọn odò kan ń darí sí Ọ̀ṣun; àwọn mìíràn ń gba ìhà gúúsù lọ sínú odò Ṣàṣà, Ọ̀nì àti Ọ̀wẹnà. Nítorí náà, kò sí ìlú kan ṣoṣo tí a lè nàka sí pé òun ni ó ba Ọ̀ṣun jẹ́. Ìtumọ̀ èyí sì ni pé bí a bá tún Ọ̀ṣun nìkan ṣe nítorí pé òun ni ó lókìkí, a ó ti gbàgbé àwọn abúlé tí ń pọn omi nínú odò tí orúkọ wọn kì í jáde nínú ìwé ìròyìn.

Ọ̀nà méjì ni irú ìwakùsà bẹ́ẹ̀ fi ń pa odò lára. Èkínní ni ẹrẹ̀. Nígbà tí ẹrẹ̀ bá pọ̀ nínú omi, oòrùn kì í ráyè wọlé, ewéko inú omi kì í dàgbà, kòkòrò tí ẹja ń jẹ á sì dín kù. Ẹyin ẹja tí ó wà nísàlẹ̀ odò á rì sábẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, kò ní rí afẹ́fẹ́ mí. Odò náà á máa kún lábẹ́, àyè tí omi òjò ń gbà á dín kù, omíyalé á sì ya wọ oko àti ilé.

Ọ̀nà kejì kò hàn sójú. Ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé tí a ti ń fi ọwọ́ wa wúrà, mẹ́kúrì ni àwọn awakùsà fi ń kó wúrà wẹ́wẹ́ jọ. Wọn a gbé àdàlú náà sórí iná. Mẹ́kúrì á bá èéfín lọ, wúrà á kù sílẹ̀. Ẹni tí ó dúró ti iná náà ni yóò kọ́kọ́ fa májèlé náà símú, àti ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n sẹ́yìn. Èyí tí ó bá dà sínú odò á rì sínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí yóò ti sọ ọ́ di májèlé mìíràn tí ń wọ ara ẹja. Bí ẹja ńlá ti ń jẹ ẹja kékeré ni májèlé náà ń pọ̀ sí i, títí yóò fi dé orí àwo oúnjẹ aboyún. Ọpọlọ ọmọ inú oyún ni ó máa ń bà jẹ́ jù. Kí a sì fi èyí sọ́kàn: omi sísè ń pa kòkòrò àrùn, kò lè pa òjé, kò sì lè mú mẹ́kúrì kúrò nínú ẹja.

Kì í ṣe ìtàn òkèèrè lásán ni a ń sọ. Ní ọdún 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, ó ju 400 ọmọdé lọ tí òjé pa, nítorí pé inú àgbàlá ilé ni wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀. Òkúta ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kì í ṣe irú ti Zamfara, a kò sì sọ pé ohun kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì. Àwọn oníṣègùn rí i pé asán ni kí a wo ọmọ sàn kí a sì dá a padà sórí ilẹ̀ olóró. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ kó erùpẹ̀ burúkú náà kúrò. Ibi tí ìpalára ti ń wá ni a kọ́kọ́ tún ṣe, kí ìtọ́jú tó lè dúró.

Ẹja gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí

Ẹni kan lè béèrè pé ǹjẹ́ odò tí ó ti bàjẹ́ tó báyìí lè sàn mọ́? Ìdáhùn wà ní ilẹ̀ Yúróòpù, lórí odò Rhine, tí ó ṣàn láti Switzerland gba Faransé àti Jámánì kọjá dé Netherlands. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1986, iná sọ ní ilé ìkó-kẹ́míkà-sí kan lẹ́bàá ìlú Basel. Omi tí a fi pa iná náà kó oró wọ inú odò, ẹja sì kú lọ bẹẹrẹ. Àwọn orílẹ̀-èdè tí odò náà kan ti ní àjọ kan tí wọ́n jọ dá sílẹ̀ ní ọdún 1950, ṣùgbọ́n àjálù yìí ni ó mú kí wọ́n sáré. Ní ọdún 1987, wọ́n fẹnu kò pé kí ẹja sámọ́nì padà sínú odò náà kí ọdún 2000 tó pé.

Kí ni ó mú wọn yan ẹja kan ṣoṣo? Orí omi, níbi tí omi ti mọ́ tí òkúta wẹ́wẹ́ wà, ni wọ́n ti ń bí sámọ́nì. Yóò rìn lọ sí òkun, yóò sì padà wá yé ẹyin rẹ̀ síbi tí wọ́n ti bí i. Bí ibì kan ṣoṣo bá bàjẹ́ lọ́nà, kò ní dé ilé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ṣèlérí sámọ́nì ti ṣèlérí gbogbo odò. Ní ọdún 1990, a tún rí sámọ́nì ní odò Sieg, ọ̀kan nínú àwọn odò tí ń wọ inú Rhine. Iṣẹ́ náà kò tíì parí títí di òní, nítorí pé àwọn ìsédò ṣì ń dí ẹja náà lọ́nà. Ṣùgbọ́n odò tí àwọn ènìyàn ti ń sunkún rẹ̀ ti yè.

A kò ní sámọ́nì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹja tiwa wà, ó sì ti wà nínú oyè ọba kí ẹnikẹ́ni tó ronú nípa Rhine. Bí ìjọba bá sọ fún aráàlú pé ìwọ̀n mẹ́kúrì nínú omi mímu kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílígíráàmù nínú lítà kan lọ, gẹ́gẹ́ bí ìlànà Nàìjíríà ti wí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ojú rí i? Bí a bá sọ pé iṣẹ́ wa kò tíì parí títí tí àrọ̀ àti epìyà inú Ọ̀ṣun yóò fi ṣeé jẹ láìsí ìfòyà, ọmọdé àti àgbà ni yóò mọ bóyá a mú ìlérí ṣẹ.

Ta ni ó ní àṣẹ?

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ohun àlùmọ́ọ́nì sábẹ́ àṣẹ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Abùjá ni ìwé àṣẹ ìwakùsà ti ń jáde. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 sì fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Orísun Ọ̀ṣun ní Èkìtì bọ́ sábẹ́ àjọ agbada odò Benin àti Ọ̀wẹnà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì bọ́ sábẹ́ àjọ agbada odò Ògùn àti Ọ̀ṣun. Omi kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ni ó pín in. Ohun tí gbogbo ènìyàn ní, ó lè di ohun tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú.

A kò fẹ́ fi èyí ṣe àwáwí. Òfin Ìwakùsà ti ọdún 2007 fún wa ní irinṣẹ́ tí ó pọ̀ ju èyí tí a ti lò lọ. Ó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti máa gba mínísítà nímọ̀ràn lórí ohun àlùmọ́ọ́nì àti ìbàjẹ́ àyíká. Ó ní kí ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ bá àwọn ará ìlú ṣe ìwé àdéhùn ìdàgbàsókè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó dáàbò bo ibi mímọ́. Ó sì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn awakùsà kéékèèké láti kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kí wọ́n lè gba ìwé àti ìrànlọ́wọ́. Nàìjíríà tún fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn Minamata ní ọdún 2018, èyí tí ó ní kí a dín lílo mẹ́kúrì kù nínú ìwakùsà wúrà, kí a sì mú un kúrò níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe.

Àwọn kan yóò sọ pé kí a lé gbogbo awakùsà kéékèèké lọ, kí ọ̀rọ̀ sì tán. Ìrírí Gánà kò fi hàn pé ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2017, ìjọba ibẹ̀ fi òfin de ìwakùsà kéékèèké, wọ́n sì rán àwọn ọmọ ogun jáde. Òfin náà dúró títí di oṣù kejìlá ọdún 2018. Síbẹ̀, ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ omi Gánà kéde pé ẹrẹ̀ inú odò Pra ti pọ̀ débi pé òun kò lè pèsè omi tó fún Cape Coast àti àwọn ìlú agbègbè rẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa tí a lé kúrò ní bèbè odò ní ọ̀sán yóò padà síbẹ̀ ní òru. Ìjẹníyà yẹ fún ọ̀gá tí ń fi owó ra ẹ̀rọ, tí ń fi òru kó wúrà lọ. Ọ̀nà àbáyọ ni ó yẹ fún ọ̀dọ́ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn.

Iṣẹ́ tí ó wà níwájú

Láti inú gbogbo èyí, a rí ohun márùn-ún tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé ara wọn, kì í ṣe kí a mú ìkẹyìn ṣíwájú.

Èkínní, kí ìfọ̀ wúrà nínú odò àti ní bèbè rẹ̀ dópin. Ẹni tí yóò bá fọ iyanrìn gbọ́dọ̀ gbẹ́ kòtò sí ibi tí ó jìnnà sí odò, kí ẹrẹ̀ rì síbẹ̀, kí ó sì máa tún omi kan náà lò.

Èkejì, kí a kọ́ àwọn awakùsà tí ó bá gba ìwé ní ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ya wúrà sọ́tọ̀ láìlo mẹ́kúrì. Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà, a sì ń lò ó níbòmíràn.

Ẹ̀kẹta, kí a dí àwọn ihò tí wọ́n fi sílẹ̀, kí a dá erùpẹ̀ òkè padà sórí ilẹ̀, kí a sì gbin oparun, ògùrọ̀ àti igi ìbílẹ̀ sí bèbè odò. Gbòǹgbò wọn ni yóò di ilẹ̀ mú nígbà òjò.

Ẹ̀kẹrin, kí a máa yẹ omi, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àti ẹja wò ní ibi tí a ti yàn tẹ́lẹ̀, láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà títí dé ìsàlẹ̀ Òṣogbo, kí a sì kéde èsì rẹ̀ ní èdè tí ìyá oníṣòwò lè kà. Èsì tí ó wà nínú fáìlì ọ́fíìsì kò wo ẹnikẹ́ni sàn. Ilé-iṣẹ́ ìròyìn tiwa ní ipa láti kó nínú èyí, a kò sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nígbà tí èsì náà kò bá dùn ún gbọ́.

Ẹ̀karùn-ún, kí Èkìtì, Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó jókòó sórí ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú ìjọba àpapọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn orílẹ̀-èdè Rhine ti jókòó. Bí àwọn tí kò gbọ́ èdè ara wọn bá lè fẹnu kò lórí ẹja kan, àwa tí a jọ jẹ́ ọmọ Odùduwà kò ní àwáwí.

Ẹ̀yin ará ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹ̀yin ni ẹ wà ní orí omi. Ẹ̀yin ni ẹ lè mọ àlejò tí ó gbé ẹ̀rọ wọ igbó kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ní Òṣogbo tàbí ní Abùjá. Ẹ jọ̀wọ́, kí olórí ẹbí má ṣe ta ilẹ̀ etí odò nítorí owó tí yóò tán kí ọdún tó yí po. Ihò tí yóò kù níbẹ̀ yóò pẹ́ ju owó náà lọ. Kí ẹ béèrè ìwé àdéhùn tí a bá ilé-iṣẹ́ ìwakùsà ṣe, kí ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ odò wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ará Òṣogbo àti àwọn tí ẹ wà ní ìsàlẹ̀, ẹ má ṣe mu omi náà, ẹ má sì fún ọmọ yín mu, títí a ó fi kéde pé ó ti mọ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ìjẹ̀ṣà bu omi wá fún ìwòsàn rí. Òṣogbo tẹ́wọ́ gba ẹja rí. Àwa tí a wà láyé lónìí ni a óò pinnu bóyá ọwọ́ tí àwọn ọmọ wa bá nà sí odò náà yóò padà pẹ̀lú ohun tí ó ṣeé jẹ.